Àpáàdì Ẹnu Ọ̀nà Ẹfúnyẹlá

Ní ìlú Ìsàmọ̀, iṣẹ́ àwọn obìnrin ni ìkòkò mímọ. Ìyá ni í kọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ náà a sì kọ́ tirẹ̀. Ẹ̀yìn ìlú ni kòtò amọ̀ wà, obìnrin kọ̀ọ̀kan ló sì ní ojú amọ̀ tirẹ̀ níbẹ̀, èyí tó jogún lọ́wọ́ ìyá tó bí i. Ẹni tí kò bá ní ojú amọ̀ kò níṣẹ́, nítorí kò sí ibòmíràn ní gbogbo agbègbè náà tí amọ̀ tó ṣeé mọ wà.

Nínú gbogbo àwọn amọ̀kòkò ìlú yìí, kò sí ẹni tó tẹpá mọ́ṣẹ́ tó Ẹfúnyẹlá. Bí ó bá ti ta omi sí amọ̀, kò ní í gbé ọwọ́ kúrò nínú rẹ̀ títí tí kò fi ní í sí òkúta wẹ́wẹ́ kan tó ṣẹ́kù. Bí ó bá mọ ìkòkò tán, abẹ́ ìbòòji ni yóò kọ́kọ́ gbé e sí, kí ó tó sá a sí oòrùn, kí ara rẹ̀ má baà sán. Ìlà mẹ́ta ló máa ń fà sábẹ́ ọrùn ìkòkò rẹ̀. Àwọn alájàpá ọ̀nà jíjìn mọ àmì yìí dáadáa, òun ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Àṣàbí lorúkọ rẹ̀, ojú amọ̀ yìí nìkan sì ni ogún tó ní fún un.

Ẹni tí ojú amọ̀ tirẹ̀ kángun sí ti Ẹfúnyẹlá ni Ojúọlápé, ọmọ àbúrò Ìyá Ebu. Ìyá Ebu ni wọ́n ń pe obìnrin àgbà tó jẹ́ olórí gbogbo amọ̀kòkò. N kò ní sọ pé Ojúọlápé kórìíra iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń po amọ̀, ìdí ìròyìn ni ẹ ó ti bá a. Ìkòkò tó bá mọ lónìí, ó fẹ́ kó ti gbẹ lọ́la. Ó pẹ́ tí ojú ẹ̀ ti wọ ojú amọ̀ Ẹfúnyẹlá, nítorí tirẹ̀ ti kan àpáta.

Wàyí o, àṣà kan wà ní Ìsàmọ̀ nígbà náà tó jẹ́ pé bí mo bá ti rántí rẹ̀, inú á bí mi. Ojú kan náà, tí wọ́n ń pè ní ebu, ni gbogbo wọn ti ń sun ìkòkò. Wọ́n á to ó jọ, wọ́n á kó igi àti imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ lé e lórí, wọ́n á tiná bọ̀ ọ́. Bí iná bá kú, èyí tó bá yè yóò lọ sọ́jà, ẹni tí tirẹ̀ bá fọ́ yóò sì kó àpáàdì rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ibẹ̀ ni àpáàdì náà yóò máa ga sí i títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi parí. Nígbà náà ni Ìyá Ebu àti àwọn àgbà amọ̀kòkò yóò máa ti ilé dé ilé wo òkìtì. Ẹni tí òkìtì rẹ̀ bá ga jù, wọ́n á ní ọwọ́ rẹ̀ kò yẹ amọ̀. Wọ́n á gba ojú amọ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, wọ́n á sì ní kí ó ru àpáàdì rẹ̀ lọ dà sígbó lójú gbogbo ayé.

Àwọn tó dá àṣà náà sílẹ̀ kò ní èrò ibi lọ́kàn. Ìkòkò tí kò bá gbẹ délẹ̀ máa ń bú nínú iná, igi tí wọ́n fi sun ún a sì ṣòfò. Wọ́n fẹ́ kí àwọn oníwàdùwàdù bẹ̀rù ni. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé ẹni tí kò gbé ìkòkò wọ iná kò lè ní àpáàdì? Ọ̀lẹ tó jókòó sílé láti òwúrọ̀ dalẹ́, ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ a máa mọ́ tónítóní. Àwọn àgbà wọ̀nyí lójú, wọ́n ní làákàyè, wọ́n tọ́mọ, wọ́n tọ́ ọmọ ọmọ, síbẹ̀ kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ro ọ̀rọ̀ yìí dé ibi tó yẹ kí ó rò ó dé.

Ní ọdún kan, Ẹfúnyẹlá ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Irinwó ìkòkò ló kó wọ iná láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn títí dé òpin rẹ̀. Ogójì fọ́. Gbogbo èyí tó yè ni alájàpá kan tí ń jẹ́ Adùnbárìn kó lọ sí ìlú rẹ̀. Àpáàdì ogójì ìkòkò kì í ṣe kékeré, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé àmù ńláńlá ló pọ̀ jù nínú wọn. Òkìtì náà ga dé ojú fèrèsé. Ní ti Ojúọlápé, igbá kan gba gbogbo àpáàdì tirẹ̀.

Nígbà tí àwọn àgbà dé ilé Ojúọlápé, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì nawọ́ sí ìwọ̀nba àpáàdì rẹ̀.

“Ẹ wò ó, ìyá wa,” ló wí. “Mẹ́wàá péré ni mo mọ lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n mo fara balẹ̀ mọ ọ́n ni. Mẹ́rin péré ló fọ́.”

Àwọn àgbà mi orí. Wọ́n yìn ín, wọ́n sì súre fún un, wọ́n wá kọjá sí ilé Ẹfúnyẹlá. Ìyá Ebu fi ọ̀pá rẹ̀ kan òkìtì náà.

“Ẹfúnyẹlá, kí lo rí sọ sí èyí?”

“Ogójì ló fọ́, ìyá. N kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n irinwó ni mo gbé wọ iná.”

“Irinwó náà dà?”

“Èyí tó yè nínú ẹ̀ ti lọ sọ́jà.”

“Ohun tí mo bá rí ni mò ń dájọ́ lé,” ni Ìyá Ebu wí. “Àpáàdì ni mo rí. Ìkòkò ta ló fọ́ tó báyìí ní Ìsàmọ̀?”

“Ìyá, ta ló mọ tó báyìí ní Ìsàmọ̀?”

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà, obìnrin gbọ́ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìsàlẹ̀, dá sí i. “Ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù lẹ́nu ẹ. Mẹ́rin àti ogójì, èwo ló pọ̀?”

“Ogójì ló pọ̀,” ni Ẹfúnyẹlá dáhùn. “Ojú ló sì ń tì mí pé àgbà ló bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ yìí ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Àwọn àgbà ní ó ti rí àwọn fín. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n gba ojú amọ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi lé Ojúọlápé lọ́wọ́, nítorí pé òkìtì tirẹ̀ ló kéré jù. Wọ́n ní kí Ẹfúnyẹlá wá kó àpáàdì rẹ̀ lọ dà nù.

“N kò kó o,” ni Ẹfúnyẹlá wí. “Ẹ ti gba amọ̀ ìyá mi. Àpáàdì yìí, èmi ni mo ni ín, ibí ni yóò sì wà.”

“Jẹ́ kó wà níbẹ̀,” ni Ìyá Ebu wí bó ṣe ń lọ. “Yóò máa tì ọ́ lójú lójoojúmọ́.”

Àpáàdì náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Òjò pa á, koríko hù yí i ká, àwọn ọmọdé sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe Ẹfúnyẹlá ní Alápáàdì. Ọkọ rẹ̀, Ọdẹ́wálé, tí kì í fẹ́ wàhálà, bẹ̀ ẹ́ títí.

“Ìyá Àṣàbí, jẹ́ kí n bá ọ kó o. Wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó ní sùúrù ló ní ohun gbogbo.”

“Mo ní sùúrù, Baba Àṣàbí. Amọ̀ ni n kò ní. Ẹni tó bá fọwọ́ kan àpáàdì yẹn, èmi àti ẹ̀ ni.”

Kí ni obìnrin tó fi ọwọ́ rẹ̀ mọ irinwó ìkòkò wá ń ṣe jẹun? Ó ń ṣẹ́gi. Igi tí wọ́n fi ń sun ìkòkò náà ni ó ń ṣẹ́ tà fún àwọn tí kò mọṣẹ́ tó o. Bí ó bá ń ru igi rẹ̀ kọjá létí kòtò, Ẹfúnyẹlá a máa rí Ojúọlápé tó jókòó lé ojú amọ̀ tí òun jogún, tí yóò gbẹ́ díẹ̀, tí yóò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àṣàbí ọmọ rẹ̀ ti ń bi í léèrè bóyá igi ni òun náà yóò máa ṣẹ́ bí òun bá dàgbà. Ìwà ìkà gbáà ni. Ẹ má sọ fún mi pé àṣà ìlú ni, nítorí ẹni tó dá àṣà kò dá a kí ó lè fi gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni tó ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn dé, Adùnbárìn alájàpá padà wá sí Ìsàmọ̀. Ọgọ́rùn-ún ìkòkò omi ló ń wá, nítorí ìlú wọn ń dá ọjà tuntun sílẹ̀. Ó béèrè ìkòkò onílà mẹ́ta. Wọ́n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ó sì pòṣé. Ojúọlápé ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ó tó rí ibi jókòó.

“Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú,” ló wí fún un. “Amọ̀ tí Ẹfúnyẹlá fi ń mọ ọ́n wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ọgọ́rùn-ún tí ẹ fẹ́, èmi nìkan yóò mọ ọ́n.”

Ká sọ tòótọ́, ó mọ ọ́n. Ìyìn tí wọ́n yìn ín lọ́dún tó kọjá ti gun orí rẹ̀, kò sì fẹ́ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ òun. Ó mọ ọgọ́rùn-ún ìkòkò, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó fi ń mọ mẹ́wàá náà ló fi mọ ọ́n. Kò ṣa òkúta kúrò nínú amọ̀, kò sì dúró kí ìdí ìkòkò gbẹ. Ọjọ́ tí wọ́n sun ún, gbogbo ìlú ló gbọ́ bí ó ṣe ń bú nínú iná. Nígbà tí iná kú, ọgọ́ta ló jáde. Ogójì ti di àpáàdì.

Ojúọlápé káwọ́ lérí. Lẹ́yìn náà ló nàka sí ìtì igi tó ṣẹ́kù nílẹ̀.

“Ta ló ṣẹ́ igi yìí?” ló bi wọ́n. “Ṣé kì í ṣe Ẹfúnyẹlá ni? Ó fi ìbínú ṣépè sí igi, ó ṣépè sí amọ̀. Mẹ́rin ló fọ́ fún mi lọ́dún tó kọjá. Kí ló sọ mẹ́rin di ogójì bí kò bá ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀?”

Ọ̀rọ̀ burúkú lèyí. Ní Ìsàmọ̀, ẹni tí wọ́n bá ní ó ba iná amọ̀kòkò jẹ́, lílé ni wọ́n ń lé e kúrò nílùú tọkọ tọmọ. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Ẹfúnyẹlá. Ó dé pẹ̀lú igi lórí. Ìyá Ebu sọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án fún un, ó ní bí ó bá jẹ́ òótọ́, ilẹ̀ kò ní í ṣú bá a ní Ìsàmọ̀. Ẹfúnyẹlá sọ igi kalẹ̀.

“Igi kan náà ló sun ìkòkò gbogbo yín lónìí,” ló wí. “Ta ni tirẹ̀ fọ́ ju bó ṣe máa ń fọ́ lọ?”

Àwọn obìnrin náà wo ara wọn lójú. Ọ̀kan ní tòun kò lé, àwọn yòókù sì ní bẹ́ẹ̀ náà ni tiwọn.

“Ti Ojúọlápé náà kò fọ́ ju bó ṣe máa ń fọ́ lọ,” ni Ẹfúnyẹlá wí.

“Àbí ojú ẹ fọ́ ni?” ni Ojúọlápé wí. “Mẹ́rin ló fọ́ níjọ́sí, ogójì ló fọ́ lónìí.”

“Mẹ́rin nínú mélòó?”

Ojúọlápé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn eérú kúrò lára aṣọ rẹ̀.

“Ẹnu ara rẹ lo fi sọ ọ́ níwájú àwọn àgbà. Mẹ́rin nínú mélòó?”

“Mẹ́wàá,” ni Ojúọlápé wí nísàlẹ̀ ọ̀fun.

“Mélòó lo wá mọ lọ́tẹ̀ yìí?”

“Ọgọ́rùn-ún.”

“Mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá ni ọgọ́rùn-ún. Mẹ́rin lọ́nà mẹ́wàá ńkọ́?”

Obìnrin kan láti ẹ̀yìn ló dáhùn pé ogójì ni. Ẹfúnyẹlá ní, “Ẹ gbọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ̀ kò yí padà, amọ̀ kò ṣe nǹkan kan, igi mi kò ṣe nǹkan kan. Bó ṣe ń fọ́ ọ nígbà tí ẹ ń yìn ín náà nìyẹn.”

Ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n Ìyá Ebu, ẹni ọ̀wọ̀, ẹni tí gbogbo ìlú ń kúnlẹ̀ kí, ronú títí, ó wá ní: “Ó ti yé mi. Ogójì ni tìrẹ lọ́dún tó kọjá, ogójì ni tirẹ̀ lọ́dún yìí. Òkìtì yín dọ́gba, ẹ̀bi yín náà dọ́gba. A ó gba amọ̀ lọ́wọ́ òun náà bí a ti gbà á lọ́wọ́ rẹ.”

Ẹfúnyẹlá bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ayọ̀ kankan nínú ẹ̀rín náà. Ó yí padà, ó gba ọ̀nà ilé lọ. Nígbà tó máa dé, òun àti ọkọ rẹ̀ àti Àṣàbí ló ru agbọ̀n àpáàdì, Ọdẹ́wálé tí kì í fẹ́ wàhálà ló sì ru èyí tó tóbi jù. Wọ́n dà á sílẹ̀ níwájú àwọn àgbà. Ẹfúnyẹlá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ọrùn ìkòkò kúrò lára ìyókù, nítorí ìkòkò kan kò lè ní ju ọrùn kan lọ, bó ti wù kí àpáàdì rẹ̀ pọ̀ tó. Ọrùn ogójì ló ṣà, ìlà mẹ́ta sì hàn lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wá kọjú sí alájàpá.

“Ẹ jọ̀wọ́, ìyá, mélòó lẹ kó lọ́wọ́ mi lọ́dún tó kọjá?”

“Òjìdínnírinwó,” ni Adùnbárìn dáhùn. “Ta ni yóò gbàgbé? Àwọn alábàárù mi ṣépè fún mi títí a fi délé.”

“Òjìdínnírinwó tó yè, ogójì tó fọ́. Irinwó nìyẹn.”

Ẹfúnyẹlá mú èédú nílẹ̀, ó fi ya òbìrí róbótó mẹ́rin síwájú Ìyá Ebu. Ó ní òbìrí kọ̀ọ̀kan dúró fún ọgọ́rùn-ún ìkòkò tó wọ iná, nítorí ọgọ́rùn-ún mẹ́rin ló wà nínú irinwó. Ó wá pín ọrùn ogójì náà sí i dọ́gbadọ́gba. Mẹ́wàá bọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ààyè sì ṣẹ́kù rẹpẹtẹ nínú òbìrí náà. Lẹ́yìn èyí ló ya òbìrí karùn-ún, ó ní ti Ojúọlápé nìyí, ọgọ́rùn-ún kan ṣoṣo. Ó ní kí Ojúọlápé fúnra rẹ̀ wá kó ọrùn tirẹ̀ síbẹ̀. Ojúọlápé kó o tán, gbogbo inú òbìrí náà kún, àwọn kan tilẹ̀ yí gbirigbiri jáde síta.

“Nínú ọgọ́rùn-ún tèmi, mẹ́wàá,” ni Ẹfúnyẹlá fi ìbínú wí. “Nínú ọgọ́rùn-ún tirẹ̀, ogójì. Èmi lẹ wá gba amọ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹ kò tíì wo ohun tó wọ iná rí. Ohun tó fọ́ nìkan lẹ ń wò. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lẹ ń lé, ẹni tó bá jókòó lẹ ń súre fún. Ẹ jókòó kí ẹ ka àwọn tí ẹ ti lé láti ọjọ́ yìí wá. Ṣé ọ̀kan wà nínú wọn tó jẹ́ ọ̀lẹ?”

Ìyá Ìsàlẹ̀, ẹni tó béèrè èwo ló pọ̀ nínú mẹ́rin àti ogójì, bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìró rẹ̀ ró, bẹ́ẹ̀ ìró náà kò tú. Ìyá Ebu ń wo ilẹ̀. Ọ̀rẹ́ ìgbà èwe rẹ̀ kan ló rántí, obìnrin kan tí kì í sinmi, tí òun fi ẹnu ara òun lé kúrò nídìí amọ̀ ní ọdún tí òun kọ́kọ́ joyè. Agbe ṣíṣe ni obìnrin náà fi ń jẹun títí ó fi kú.

Ìyá Ebu gbé ojú sókè. “Ẹfúnyẹlá, gba ojú amọ̀ rẹ. Mo fi ta ọ́ lọ́rẹ.”

“Kì í ṣe ọrẹ, ìyá. Ohun tí ẹ gbà lẹ dá padà.”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni Ìyá Ebu wí. “Má bínú.”

“Mo ṣì ń bínú,” ni Ẹfúnyẹlá dáhùn. Ó gbọn èédú ọwọ́ rẹ̀ nù. Nígbà tí àwọn kan ní kí wọ́n lé Ojúọlápé, òun ló ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, ó ní kí ó kàn kọ́ bí wọ́n ti ń jẹ́ kí ìkòkò gbẹ ni. Ó wá pe Àṣàbí, àwọn méjèèjì sì gba ọ̀nà kòtò lọ láti lọ wo ohun tó ṣẹ́kù nínú amọ̀ wọn.

Láti ọjọ́ náà, wọn kì í tiná bọ ìkòkò mọ́ ní Ìsàmọ̀ kí obìnrin kọ̀ọ̀kan má kọ́kọ́ sọ iye tó gbé wá sétí gbogbo ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ojú ebu, ó wọ ìlú, ó dé oko àti ọjà, ibikíbi tí wọ́n bá ti fẹ́ fi ìwọ̀nba àṣìṣe ba iṣẹ́ ẹni tó ń ṣe púpọ̀ jẹ́; ibẹ̀ ni àwọn àgbà sì ti rí i pa lówe títí di òní pé: Ká tó ka èyí tó fọ́, ká kọ́kọ́ ka èyí tó wọ iná.